Ọjọ́ tí Ọdẹ́jìmí ru ẹran erin

Ní abúlé Agbédò láyé àtijọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Ọdẹ́jìmí. Kò sí iṣẹ́ tí kò fọwọ́ kàn rí, kò sì sí èyí tó parí nínú wọn. Ó kọ́ aṣọ híhun. Aṣọ kò tíì dé ìdajì tó fi rí àwọn tó ń lọ dẹ pàkúté, ó sì tẹ̀lé wọn. Ó lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ. Irin ṣì ń pọ́n nínú iná nígbà tó gbọ́ ariwo ìjàkadì lẹ́yìnkùlé, ló bá ju ẹwìrì sílẹ̀. Alágbẹ̀dẹ ní kó kúkú máa bá ìjàkadì lọ. Ẹnu Jìmí dùn, ẹ̀fẹ̀ kì í tán níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí kì í fi í tètè sú àwọn èèyàn.

Ṣùgbọ́n ó ti sú Àwẹ̀ró ìyá rẹ̀.

"Jìmí, kí lo tiẹ̀ wá ṣe láyé?"

"Ìran ni mo wá wò, ìyá mi. Ẹ bá mi bu ọbẹ̀ sí i."

"Àwọn èèyàn ń fi ìwọ náà wòran," ni ìyá rẹ̀ wí, ó sì gbé ìkòkò ọbẹ̀ kúrò níwájú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Jìmí lára. Ó ń bi ara rẹ̀ léèrè pé nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ òun bá di bàbá, tí wọ́n di ẹni tí à ń wárí fún, kí ni wọn yóò máa pe òun? Ó gbọ̀nà ilé Ọdẹ́tókun, olórí ọdẹ, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní òun fẹ́ ṣọdẹ.

Ọdẹ́tókun wò ó títí. "Màá dán ọ wò. Ṣùgbọ́n tí o bá tún fi èyí sílẹ̀ lágbede méjì, má ṣe gba iwájú ilé mi kọjá mọ́."

Àwọn ọdẹ Agbédò ní òfin kan. Ọjọ́ tí wọ́n bá pa erin, ẹni tó fẹ́ wọ ẹgbẹ́ ni yóò ru ekìrí ẹran ńlá kan láti ara itan erin náà, láti inú igbó títí dé ojúlé olórí ọdẹ. Kò gbọdọ̀ sọ̀ ọ́ lójú ọ̀nà, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ bá a gbá a mú. Bí ẹran bá bọ́, ẹgbẹ́ bọ́ nìyẹn.

Ìgbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni wọ́n pa erin kan lódìkejì odò Awẹ̀. Àwẹ̀ró gbọ́, ó fọ àwo rẹ̀ tó tóbi jù lọ, ó gbé e sílẹ̀ de ìpín ọmọ rẹ̀. Nínú igbó, wọ́n gbé ekìrí ẹran lé Jìmí lórí. Ọrùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú èjìká. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹrù mú, ó sì ń lọ. Òógùn ń wọ̀ ọ́ lójú, kò rí ọwọ́ nù ún. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, kò dá ẹ̀fẹ̀ kankan.

Nígbà tí wọ́n padà dé etí odò, omi ti kún ju bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀ lọ. Igi ìrókò kan tó wó ni afárá wọn, omi sì ti ń lá ìdí rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ní láti gbà á. Jìmí tí í ṣe àbúrò gbogbo wọn ló kẹ́yìn.

Àjàdí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó gba iwájú rẹ̀ bojú wẹ̀yìn. "Jìmí, má jó lórí igi o. Ẹja kì í náwó fún oníjó."

"Máa lọ jàre. Tí o bá já sómi, mi ò ní ọwọ́ tí màá fi fà ọ́."

Abúlé ń hàn lókèèrè. Jìmí ti ń rí ìyá rẹ̀ tí wọ́n ń kí i ní ìyá ọdẹ. Ibi tó ti ń rò ó lọ́wọ́ ni ojú rẹ̀ ti wálẹ̀, ló bá rí erùpẹ̀ tútù tó wú lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ihò ìrẹ̀ ni. Ìrẹ̀ ńlá, tó sanra, àkókò wọn rèé. Itọ́ dà lẹ́nu rẹ̀. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé, 'Ọwọ́ mi ló ń ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ mi kò kúkú ṣe nǹkan kan.' Ló bá fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wa ilẹ̀.

"Jìmí, ó kàn ọ́," ni Ọdẹ́tókun pè láti òdìkejì.

"Mò ń bọ̀, bàbá."

Ìka rẹ̀ ti kan nǹkan tó ń yí. Ó ti ẹsẹ̀ wọlé sí i.

"Omi ń gun igi o. Kí lò ń wá nílẹ̀?"

"Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ mí lọ́wọ́."

"Kí ni?"

Jìmí ti fi ìka ẹsẹ̀ méjì há ìrẹ̀ náà mọ́lẹ̀, ó sì fa ẹsẹ̀ yọ. Bèbè odò tí omi ti ń jẹ nísàlẹ̀ láti àárọ̀ ya lábẹ́ ẹsẹ̀ kejì. Jìmí yẹ̀ gẹ̀rẹ̀. Ọrùn rẹ̀ fúyẹ́ lójijì. Ó ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kó tó gbọ́ ìró ẹran nínú omi.

Jìmí kò bá ẹran bọ́ sómi, ṣùgbọ́n omi ti gun orí igi; okùn ni Àjàdí jù sí i tí wọ́n fi fà á sọdá. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, Àjàdí pàápàá kò lè wò ó lójú. Òṣùká ṣì wà lórí rẹ̀, ìrẹ̀ sì wà láàárín ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọdẹ́tókun bẹ̀rẹ̀, ó yọ ìrẹ̀ náà, ó fi í lé e lọ́wọ́.

"Gbé e lọ fún ìyá rẹ. Ohun tí o lọ pa nínú igbó nìyẹn."

Àwẹ̀ró kò pariwo. Ó gba ìrẹ̀ náà, ó sun ún, ó fi í sáàárín àwo ńlá tó ti fọ̀ sílẹ̀, ó sì gbé e síwájú ọmọ rẹ̀. Jìmí wo àwo náà títí ilẹ̀ fi ṣú, kò lè mú un jẹ.

Látinú àwo yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ sẹ́nu àwọn àgbà Agbédò, tí wọ́n fi ń kìlọ̀ fún ẹni tí ohun ńlá wà níkàáwọ́ rẹ̀ pé: ẹni tó ru ẹran erin lórí kì í fi ẹsẹ̀ wa ìrẹ̀ nílẹ̀.