Òkè Amọ̀ tí Baálẹ̀ Ìgbónlá Rà

Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu àgbà tó máa ń pa ọmọdé lẹ́rìn-ín: "Ẹni ra ilẹ̀, àna ló rà." Ilẹ̀ kì í ṣe ọmọge, níbo ni àna ti wọ ọ̀rọ̀ rẹ̀? Lágbàyí, Baálẹ̀ Ìgbónlá, ni kí a bi.

Lágbàyí fẹ́ràn Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ dénú. Amọ̀kòkò ni Àwẹ̀ró, òun àti àwọn obìnrin ìlú a sì máa rìn títí ẹsẹ̀ wọn á fi wú kí wọ́n tó rí amọ̀ gidi. Ni Baálẹ̀ bá kó iyùn àti ẹṣin, ó ra òkè amọ̀ tó wà nítòsí lọ́wọ́ ìlú Ìdí-Ose. Ṣùgbọ́n nígbà tí iṣu tuntun jáde, àwọn ará Ìdí-Ose ru iṣu wá sórí òkè náà, wọ́n fẹ́ fi kí ilẹ̀ náà, bí wọ́n ti ń ṣe láti ayébáyé.

Lágbàyí fara ya. "Mo rà á, mo san án tán. Ẹ ò gbọdọ̀ tẹ ibí mọ́!"

"A ti gbọ́, Baálẹ̀," ni Ìyá Ọdẹ́bùnmi, àgbà amọ̀kòkò wọn, wí. Wọ́n ru iṣu wọn padà.

Ẹ̀ẹ̀rùn ń bọ̀, odò ti ń fà, gbogbo ilé ló nílò ìkòkò omi. Àwẹ̀ró mọ ìkòkò, ó sun ún, ó sán. Ó mọ òmíràn, ó tún sán. Kò sí obìnrin Ìgbónlá kan tí tirẹ̀ dúró. Àwẹ̀ró bú sẹ́kún, ọkàn Lágbàyí sì gbọgbẹ́.

"Wọ́n ti rẹ́ mi jẹ," ló wí.

Àwẹ̀ró nu ojú. "Olówó orí mi, nígbà tí ẹ san owó orí mi tán, ṣé ẹ lé bàbá mi kúrò lẹ́nu ọ̀nà?"

"Èmi kẹ̀? Ọdọọdún ni mo ń bá wọn kọ ebè!"

"Ẹ̀hẹ́n."

Lọ́jọ́ kejì, Lágbàyí gbé obì dé Ìdí-Ose, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Ìyá Ọdẹ́bùnmi bí ọkọ ìyàwó. Ìyá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ dìde, àna wa. Àpáàdì ni àwọn obìnrin yín ò gún mọ́ amọ̀ yẹn, òun ni kì í jẹ́ kó sán nínú iná. Ẹni tí yóò béèrè ni mo ń retí."

Láti ìgbà náà, Ìgbónlá a máa lọ ṣe ọ̀wẹ̀ lóko Ìdí-Ose, àwọn náà a sì máa wá kí òkè wọn. Nígbà tí Lágbàyí darúgbó, ìjòyè ọ̀dọ́ kan wá sọ fún un pé òun ti rí ilẹ̀ mìíràn tí ìlú lè rà, pé iyùn wà nílẹ̀.

"Mi ò béèrè iyùn," ni arúgbó dá a lóhùn. "Bí mo bá kú, ta ni yóò máa dọ̀bálẹ̀ fún àwọn tó ni ilẹ̀ náà, ìwọ àbí ọmọ rẹ? Ẹni ra ilẹ̀, àna ló rà."