Bí Òkété Ṣe Wọn Ihò Ọkọ̀ Òfurufú Rẹ̀

Ààlọ́ o!
— Ààlọ̀!

Ẹ̀rù iná igbó ń ba Òkété, ló bá fẹ́ kan ọkọ̀ òfurufú nínú ihò rẹ̀.

"Bàbá Àṣá, báwo ni kí ihò náà ṣe fẹ̀ tó?" ló bi Àṣá tó mọ̀ nípa fífò.

"Kó ṣáà gbà mí."

Òkété wọn Àṣá níbi tó bà sí, tó pa apá mọ́ra. Ó gbẹ́ ara ọkọ̀, ihò gbà á. Ó gbẹ́ ìrù, ihò gbà á. Ẹ bá a gbè é, ẹ̀yin ọmọ:

Ihò mi tó o!
— Ó tó!

Ó kan apá mọ́ ọn, apá dí ẹnu ọ̀nà. Èéfín dé.

"Èmi tó bà lo wọ̀n," ni Àṣá ké lókè. "Èmi tó ń fò ni mo wí!"

Eyín tí Òkété fi gbẹ́ apá náà ló fi gé e jẹ kó tó ráyè sá.

Ẹ dìde, ẹ na apá yín wò kẹ́ ẹ tó wọlé.