Bí Àyọ̀ká Ṣe Di Ìyá Ọ̀dàn

Ní ayé àwọn baba ńlá wa, nígbà tí Òkè Oníkùukùu kò tíì ní olùsìn kankan, tó jẹ́ pé àwọn ọdẹ nìkan ló ń ná ọ̀dàn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ni Àyọ̀ká, ìyàwó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé, bá àwọn obìnrin ilé ọkọ rẹ̀ gun òkè láti lọ kí àwọn ará ilé bàbá rẹ̀ tó wà lókè téńté. Ẹfúnróyè, ìyálé ilé, ló ṣáájú. Àyọ̀ká, tó kéré jù, ló ru àpáàdì ẹyin iná tí wọn yóò fi dáná jẹun lọ́nà.

Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọmọ Ìyá! Ọ̀nà wà nílẹ̀ o. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti dé ìdajì òkè, tí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ fẹ́, tí ọ̀dàn náà ń pọ́n yòò tó sì ń mì lọ mì bọ̀, inú Àyọ̀ká dùn débi pé kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó kàn yà sínú koríko tó ga jù ú lọ, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń kọrin. Ta ni kò ní í tẹ̀ lé e? Àwọn ìyàwó yòókù rọ́ tẹ̀ lé e. Ẹfúnróyè ń kùn, ṣùgbọ́n òun náà tẹ̀ lé wọn.

Wọn kò mọ̀ pé àwọn ọdẹ fẹ́ dáná òyà lọ́jọ́ náà. Ọdẹ kì í sun ọ̀dàn láìwo ojú ọ̀nà. Wọ́n wò ó, kò sí ẹnì kankan níbẹ̀, ni wọ́n bá ti iná bọ koríko nísàlẹ̀. Háà! Iná bú ramúramù! Àwọn obìnrin figbe ta, wọ́n kọrí sókè, bẹ́ẹ̀ iná yá lẹ́sẹ̀ ju ènìyàn lọ bó bá ń gun òkè. Ẹ̀rù ba Àyọ̀ká gidigidi, nítorí òun ló kó wọn wọ koríko. Ó da ẹyin iná orí rẹ̀ sí koríko iwájú wọn.

"Ìyàwó, ṣé orí rẹ pé? Iná kan ò tó wa ni?" Ẹfúnróyè ló pariwo bẹ́ẹ̀.

"Ìyálé mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí èyí jó kọjá, ká bọ́ sórí eérú rẹ̀. Èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn ò ní í rí nǹkan kan jẹ níbẹ̀!"

Iná kejì sáré gòkè, ó fi ilẹ̀ dúdú sílẹ̀. Àwọn ìyàwó bẹ́ sórí eérú gbígbóná, ẹsẹ̀ ń ta wọ́n, wọ́n sì yè! Ẹfúnróyè nìkan ló kọ̀, ó ní òun kò ní í gba àṣẹ lẹ́nu ọmọ àná. Àyọ̀ká padà sínú èéfín, ó gbá ìyálé rẹ̀ mú, ó fi gbogbo agbára tì í sórí eérú. Kí òun fúnra rẹ̀ tó gbé ẹsẹ̀, iná ti dé.

Nígbà tí èéfín túká, wọ́n wá a títí, wọn kò rí egungun, wọn kò rí ìlẹ̀kẹ̀. Kò kú o, ó wọlẹ̀ ni! Ẹfúnróyè, tí kì í kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé, kúnlẹ̀ sínú eérú, ó sunkún, ó sì kí i pé:

"Ìyá Ọ̀dàn, a-fi-iná-gba-ni-lọ́wọ́-iná,
Ìyàwó kékeré tó gba ìyálé là,
Arẹ́rìn-ín-wọ-koríko, mo júbà."

Ìdí nìyí tí ọdẹ tàbí àgbẹ̀ kankan kò fi gbọdọ̀ sun ọ̀dàn yìí àfi bí ìyàwó tó kéré jù nílùú bá kọ́kọ́ ṣáná sí i. Ìdí nìyí tí a kì í fi gba ojú ọ̀nà lọ bọ ọ́, tí a ń bọ́ bàtà, tí a sì ń gbé iṣu sísun fún un tòun teérú lára.

Ó ti tó àsìkò. Ìyàwó, gba àpáàdì iná, kí o ṣáájú. Ẹ̀yin ìyálé, ẹ kúnlẹ̀ fún un.