Ojú Tí Onífọ́tò Dì

Bí ẹ bá dé Ebúté Àràbà, tí ẹ rí ọkùnrin tó gbájú mọ́ ayò títí ewúrẹ́ fi jẹ iṣu rẹ̀ tán, ẹ óò gbọ́ tí wọ́n ń wí pé, “Ojú tí onífọ́tò dì ni ọkọ̀ gbà lọ.” Àlejò a máa ya ẹnu. Kí ló kan onífọ́tò kan ọkọ̀? Ojú wo ni ọkọ̀ ń gbà kọjá? Ẹ fara balẹ̀.

Látúndé ni orúkọ onífọ́tò náà. Ó mọ iṣẹ́, kò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni pé òun mọ̀ ọ́n. Ilé ìtẹ̀wé kan ń wá àwòrán lékèélékèé fún kàlẹ́ńdà, Látúndé sì ti fọwọ́ sọ̀yà níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé tòun ni wọn yóò lò. Bó bá padà lọ́wọ́ òfo, ẹ̀sín dé nìyẹn. Ó wá gba Ebúté Àràbà lọ lásìkò tí àwọn lékèélékèé ń pamọ ní erékùṣù kékeré àárín odò, tí igi ibẹ̀ funfun bí ẹni sá òwú lé e.

Móríyeba ló fi ọkọ̀ gbé e débẹ̀, obìnrin kan tí ewú ti ń yọ lórí rẹ̀, tí ẹ̀rín kì í sì í jìnnà sí ẹnu rẹ̀.

Ó ní, “Ọ̀gá onífọ́tò, ẹ má pariwo o, gbogbo ẹyẹ yìí á fò. Ẹ sì máa bojú wẹ̀gbẹ́.”

Látúndé rẹ́rìn-ín. “Ìyá ọlọ́kọ̀, ojú tí mo fi ń jẹun rèé. Eṣinṣin ò lè kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kí n má mọ̀ bóyá akọ ni tàbí abo.”

“Ẹn-ẹ́n?” ni Móríyeba wí.

Látúndé bọ́ ṣòkòtò, ó ká a sínú ọkọ̀, ó wọ odò tòun ti ṣẹ́ẹ̀tì àti pátá. Omi mù ún dé orúnkún. Ó gbé kámẹ́rà sójú ọ̀tún, ó di tòsì. Níwájú rẹ̀ gan-an, àwọn ọmọ ẹyẹ onírun jágajàga ń fa àgógó ìyá wọn bí ẹni ń fa okùn kànga. Ìyá tẹrí ba, ó pọ ẹja sí wọn lẹ́nu. Látúndé tẹ kámẹ́rà. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ẹyẹ kan yàgbẹ́ lé e léjìká, kò mọ̀.

Nígbà tó yíjú sósì, kò sí ọkọ̀. Kò sí Móríyeba. Kò sí ṣòkòtò.

Ó fẹ́ kígbe, ó rántí àwọn ẹyẹ. Ló bá ń sọ ọ́ lábẹ́ ahọ́n, bí ẹni ń tọrọ gáàrí lọ́wọ́ àna: “Ìyá ọlọ́kọ̀. Ìyá ọlọ́kọ̀, ẹ jọ̀ọ́.” Lékèélékèé kan wò ó, ó yí ọrùn padà.

Bẹ́ẹ̀ ló gbọ́ orin. Àwọn obìnrin tó lọ yẹ ìgèrè tí wọ́n fi ń pẹja wò ló ń bọ̀, wọ́n kún ọkọ̀ wọn dẹ́múdẹ́mú. Látúndé wo itan ara rẹ̀. Ó gbàgbé ẹyẹ, ó gbàgbé kàlẹ́ńdà.

“Ìyá ọlọ́kọ̀ òòò! Ṣòkòtò mi òòò!”

Gbogbo erékùṣù gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú ọ̀run funfun báláú. Jìnnìjìnnì mú un débi pé ọwọ́ rẹ̀ tẹ kámẹ́rà níbi tó so rọ̀ sí láyà, ojú rẹ̀ méjèèjì sì là kalẹ̀.

Móríyeba yọ láti ẹ̀yìn koríko tí kò jìnnà rárá. “Ẹ pè mí, ọ̀gá?”

“Ìgbà wo lẹ lọ?”

“Ẹ̀gbẹ́ yín níbí ni mo gbà. Mo tilẹ̀ ní ẹ kú iṣẹ́. Ojú tí ẹ dì ni mo gbà kọjá.”

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín débi pé ọkọ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú dé. Látúndé fi ìbínú wọ ṣòkòtò rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé àárín odò, tó rí ìgbẹ́ ẹyẹ léjìká ara rẹ̀, ẹ̀rín pa òun náà.

Àwòrán tí ilé ìtẹ̀wé mú ni ti àwọn ẹyẹ tó gbéra yẹn, èyí tí Látúndé kò fojú wò kó tó yà á. Wọ́n bi í léèrè ọgbọ́n tó dá. Ì bá purọ́, kò purọ́. Bí ìtàn náà ṣe tàn nìyẹn.

Nítorí náà, bí ohun kan bá gba gbogbo ojú rẹ, yẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ wò. Ojú tí onífọ́tò dì ni ọkọ̀ gbà lọ.