Ikọ́ Inú Píjò Bàbá

Ikọ́ lásán ló ń ṣe Píjò tí bàbá Akínbọ̀dé fi sílẹ̀ lọ sọ́run. Láràárọ̀, tí Akínbọ̀dé bá ti ṣáná sí i, ìyá rẹ̀, tí ọjọ́ ogbó ti rá níyè, á rẹ́rìn-ín lórí ibùsùn pé, "Bàbá rẹ ti ń lọ síbi iṣẹ́," á sì gba ẹ̀kọ mu.

Fídíò àwọn tí ń sọ ògbólógbòó ọkọ̀ di tuntun ló wá wọ Akínbọ̀dé lójú lórí fóònù. Lòun náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹ́ńjìnnì.

Ìyàwó rẹ̀ pariwo: "Bàbá Ìlérí, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́ o! Ẹ jẹ́ kó máa húkọ́ ẹ̀."

Kò gbọ́. Ó tú u palẹ̀ tán, kò lè tò ó mọ́. Apá mẹkáníìkì tó pè gan-an kò ká a.

Láti ìgbà náà, ìyá kì í la ẹnu fún ẹ̀kọ mọ́. Ìta ló ń tẹ́tí sí.

"Akínbọ̀dé, bàbá rẹ ò mà tíì jí o. Lọ wò wọ́n. Àbí wọ́n ti kú ni?"