Àwẹ̀ró àti Okùn Èbúté

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!
Ẹ̀yin tí ẹ fẹ̀yìn ti ògiri, ẹnu yín dà? Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!
Ẹ̀n-ẹ́n. Ààlọ́ mi dá fìrìgbagbóò, ó dá lórí Àwẹ̀ró àti okùn èbúté. Bí mo bá dá orin, ègbè yín ni "Ẹ dúró dè é."

Ní ayé àtijọ́, nígbà tí ẹranko ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, èbúté ńlá kan wà létí òkun. Ibẹ̀ ni gbogbo ọkọ̀ tó ń lọ sí erékùṣù ti ń dúró de afẹ́fẹ́. Ọkọ̀ kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Akàn ni olórí èbúté. Wọ́n ní èèwọ̀ méjì. Wọ́n máa ń so gbogbo ọkọ̀ mọ́ ara wọn, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ dá tirẹ̀ tú, àfi bí Akàn bá wọ omi, tó jáde, tó ní, "Ó yá." Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ sọ ohun tó ń bá lọ, kí omi má baà gbọ́.

Àwẹ̀ró dé ní òwúrọ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ ń rọbí ní erékùṣù, ó ti di ọjọ́ kejì. Ọmọ mẹ́ta ni Àwẹ̀ró ti sin. Èyí nìkan ló kù. Ẹ̀rù bà á débi pé kò lè jókòó.

Omi dúdú. Ó ń wú, ó ń rọ̀, ó ń wú. Akàn wọ inú rẹ̀, ó jáde. Ó ní, "Kò tíì yá." Àwẹ̀ró kọrin:

Afẹ́fẹ́ dà o?
Ẹ dúró dè é.
Ibi mo ń lọ ò ṣeé sọ.
Ẹ dúró dè é.
Àyà mi ń já o.
Ẹ dúró dè é.

Oòrùn dé àtàrí. Akàn wọ omi, ó jáde. Ó ní, "Kò tíì yá." Àwẹ̀ró tún kọrin. Ẹ gbè é kó dún, àbí ebi ń pa yín ni?

Afẹ́fẹ́ dà o?
Ẹ dúró dè é.
Àyà mi ń já o.
Ẹ dúró dè é.

Oòrùn yẹ̀ kúrò lórí. Akàn wọ omi lẹ́ẹ̀kẹta. Ó jáde, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kan kò bá a jáde. Ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, kò tíì yá."

Àwẹ̀ró fa ọ̀bẹ yọ. Ìyá arúgbó kan wà nínú ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn tirẹ̀. Ó di okùn mú. Ó ní, "Ọmọ mi, má gé e. Wọ́n ń retí èmi náà níbi tí mò ń lọ."

Àwẹ̀ró ní, "Tèmi ju tiyín lọ, ìyá."

Ó gé okùn iwájú. Ó gé ti ẹ̀yìn. Ìgbì gbé ọkọ̀ ìyá arúgbó lọ, òun àti gbogbo èyí tó so mọ́ ọn. Àwẹ̀ró gbọ́ igbe wọn. Kò bojú wẹ̀yìn.

Òkun gbá a sọ́tùn-ún, ó gbá a sósì, ó da omi bò ó. Àwẹ̀ró gúnlẹ̀ sí erékùṣù. Ó rákò wọlé. Ọmọ rẹ̀ ṣì wà láàyè, ó di òpó ilé mú.

Àwọn obìnrin ilé wo ẹ̀yìn Àwẹ̀ró. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin nìkan? Agbẹ̀bí tí a ránṣẹ́ sí dà? Ìyá arúgbó ni. Láti àná ló ti wà ní èbúté."

Àwẹ̀ró sún mọ́ ọmọ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì, ṣùgbọ́n kò mọ iṣẹ́ náà. Ọmọ tuntun ké. Ìyá rẹ̀ kò dìde mọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, afẹ́fẹ́ dára. Ọkọ̀ kan gúnlẹ̀, ìgbòkun rẹ̀ ti ya. Ìyá arúgbó náà sọ̀ kalẹ̀, ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká. Ó bá Àwẹ̀ró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ọmọ mi, aboyún náà dà?"

Ẹ̀yin ọmọ mi, okùn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn so pọ̀, ẹnì kan kì í dá a gé. Ẹni tí ìdààmú bá kì í mọ̀ pé ẹlòmíràn ló gbé oògùn rẹ̀ lọ́wọ́.

Ibi tí ọkọ̀ ààlọ́ mi gúnlẹ̀ sí nìyí.