Ìdí Tí Igi Obì Kì Í Fi Í Dá So

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ sún mọ́ mi dáadáa, ẹ̀yin ọmọ. Ẹni tó bá ti ń tòògbé, kó lọ bọ́jú wá. Àlọ́ mi rìn lọ, ó rìn bọ̀, kò rí ibi sinmi, àfi ẹnu ọ̀nà Ìjàpá, ọkọ Yánníbo, àti igbó obì àwọn bàbá rẹ̀.

Láyé ìgbà náà, etí odò ni igbó obì àwọn ẹranko wà. Gbogbo ilé ló ní igi tirẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ka wọn ti wọnú ara wọn débi pé bí obì bá jábọ́, kò sẹ́ni tó ń bèèrè pé láti orí igi ta ni. Nígbà ìkórè, tèwe tàgbà á kó lọ síbẹ̀. Wọn á máa bó obì, wọn á máa pìtàn. Nígbà tí Ìjàpá wà lọ́mọdé, ìyá rẹ̀ á tẹ́ ewé sílẹ̀ fún un níbẹ̀, á sùn sábẹ́ òjìji. Ayé yẹn dùn, ẹ̀yin ọmọ. Bí mo bá rántí rẹ̀, inú mi á bàjẹ́ díẹ̀.

Igi Ìjàpá ló ń so obì tó tóbi jù, tó sì pupa jù. Ìyẹn ló kó sí i lórí. Ó ní kí ló dé tí òun yóò fi máa bá gbogbo ayé pín ohun tí òun lè dá ní? Ó gé ẹ̀ka igi tirẹ̀ nìkan, ó rù wọ́n lọ sẹ́yìn òkè, ó gbìn wọ́n títí ilẹ̀ fi kún. Kò mú ẹ̀ka igi ẹlòmíràn mọ́ ọn. Ó ní àdàlù ló ń ba nǹkan jẹ́.

Nígbà tí igi ẹ̀yìn òkè dàgbà, Ìjàpá pe ìpàdé. Ikọ́ ń yọ àwọn ọmọdé lẹ́nu lọ́dún náà. Ìjàpá ní ṣé wọn kò gbóòórùn òdòdó obì ni? Ṣé wọn kò rí eṣinṣin tó bò ó? Ó ní òórùn yẹn ló ń fa ikọ́. Ta ló fẹ́ kí ikọ́ pa ọmọ òun? Kí oòrùn tó wọ̀, àáké ti ń dún létí odò. Wọ́n gé igbó obì àwọn bàbá wọn lulẹ̀. Ìjàpá náà gé tirẹ̀ kí wọ́n má baà fura. Nígbà tí igi náà wó, ó dùn ún, ṣùgbọ́n ó rántí ẹ̀yìn òkè, ó gbé e mì.

Ẹtu, opó àgbà kan, nìkan ló kọ̀. Ó ní ọkọ òun ló gbin tòun kó tó kú. Obì funfun kéékèèké ni igi náà ń so. Ìjàpá ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, ta ni yóò wá obì bíńtín yẹn wá?

Kò pẹ́, ọmọ Òkété wá tọrọ Àwẹ̀ró, ọmọbìnrin Ìjàpá. Ẹ sì mọ̀ pé a kì í ṣe ìdána láìgbé obì kalẹ̀. Kò sí obì mọ́ nílùú. Ìjàpá rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní kí àwọn ará ilé Òkété gbé iṣu àti epo wá, kí wọ́n fi pààrọ̀ obì lọ́wọ́ òun bó bá ti so, kí wọ́n wá tún gbé obì ọ̀hún padà fún òun ní ìdána. Ẹ gbọ́ ọgbọ́n àgbọ́njù!

Obì ẹ̀yìn òkè yọ òdòdó, ó bo gbogbo ẹ̀ka. Òdòdó rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, kò sí ọmọ. Ọdún yí po, òdòdó yọ, ó bọ́ sílẹ̀, kò sí ọmọ. Àwọn ará ilé Òkété bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé òdìkejì odò náà ní ọmọbìnrin, ó sì ní obì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Àwẹ̀ró gbé oúnjẹ síwájú bàbá rẹ̀, ó kúnlẹ̀.

“Bàbá, obì ìdána mi lẹ gé létí odò yẹn.”

Ìjàpá kò lè jẹun. Àárò igbó obì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Ó dìde, ó lọ sétí odò. Kùkùté ló kù. Ó bá Ẹtu lábẹ́ igi rẹ̀, ó kí i, ó bèèrè bóyá tirẹ̀ so. Ẹtu ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti gé igbó, òun kò rí ẹyọ kan.

“Ìjàpá, àwọn igi ẹ̀yìn òkè yẹn, ọmọ ta ni wọ́n?”

“Ọmọ igi mi ni gbogbo wọn, Ìyá.”

“Ìwọ náà, ṣé ọmọ ìyá rẹ lo fẹ́ sílé? Eṣinṣin tí o bà lórúkọ jẹ́ yẹn, alárinà ni. Òun ló ń ti ìdí igi onílé kan dé ìdí igi onílé kejì. Ní báyìí, tìrẹ kò rẹ́ni fẹ́, tèmi náà kò rẹ́ni fẹ́.”

Ìjàpá dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹtu ní òun yóò fún un ní ẹ̀ka tó kún fún òdòdó, nítorí Àwẹ̀ró. Ṣùgbọ́n kó tì í bọ ìkòkò omi, kó gbé e karí, kó gba àárín ìlú kọjá lọ́sàn-án gangan, kó máa kọrin. Bẹ́ẹ̀ ni Ìjàpá ṣe. Òórùn gba ìlú, eṣinṣin tẹ̀ lé e. Ẹ bá mi gbè é:

Ìyàwó obì ń bọ̀ o,
*Ẹ yà lọ́nà.*
Èmi ni mo ní ó ń rùn,
*Ẹ yà lọ́nà.*
Èmi ni mo ní kẹ́ ẹ gé e,
*Ẹ yà lọ́nà.*
Òun náà ni mo rù lórí,
*Ẹ yà lọ́nà.*
Ọmọ ìyá kì í fẹ́ra wọn,
*Ẹ yà lọ́nà.*

Ìlú rẹ́rìn-ín títí. Àwọn kan sunkún, nítorí wọ́n rántí àáké ọwọ́ wọn. Ìjàpá gbé ìkòkò sáàárín oko, eṣinṣin ṣe iṣẹ́ wọn. Lọ́dún náà, obì so.

Lọ́jọ́ ìdána, wọ́n la èyí àkọ́kọ́ níwájú èrò. Obì pupa àti obì funfun ló sùn ti ara wọn nínú èèpo kan ṣoṣo. Ta ni kò mọ ẹni tó ni funfun? Ìjàpá fẹ́ sọ pé oko òun ni, àmọ́ ó fi í sílẹ̀. Ó mú èyí tó funfun, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Ẹtu.

“Ìyá, ọmọ yín rèé.”

Ẹtu jẹ ẹ́. Ó ní adùn ayé ọkọ òun ló wà lẹ́nu òun yẹn. Lọ́jọ́ náà ni Àwẹ̀ró lọ sílé ọkọ.

Láti ìgbà náà ni a ti ń bá obì pupa àti funfun nínú èèpo kan náà, tí àgbẹ̀ tó gbọ́n kì í sì í mọ odi sáàárín obì tirẹ̀ àti ti aládùúgbò. Ṣùgbọ́n igbó etí odò kò padà bọ̀ sípò mọ́. Ìjàpá a máa lọ jókòó síbẹ̀ nígbà míràn, a máa wá òjìji kiri.

Ibi tí mo bá àlọ́ mi dé rèé. Bí mo bá parọ́ mọ́ Ìjàpá, ó ń bọ̀ wá bá mi jà. Ẹ jẹ́ ká lọ sùn. Kí ó tó dé, ilẹ̀ á ti mọ́.